Nígbà tí Àjò Ẹ̀kọ́ Bá Ku Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa ohun tí ó yẹ kí onílé ti ṣe parí lájò kí ó tó di ẹrù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí, nítorí pé ní ọdọọdún ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ń fi ilé ẹ̀kọ́ gíga orílẹ̀-èdè wọn sílẹ̀ láti lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní ilẹ̀ Yúróòpù, tí wọn óò sì padà wá sí ilé láti parí ohun tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ Yúróòpù fúnra wọn, tí ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí èkejì, kò kéré níye. Àwọn ọmọ Áfíríkà pàápàá, tí àwọn ọmọ tiwa wà lára wọn, ti ń rí ọ̀nà gbà lọ.

Àwa ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ irú àjò bẹ́ẹ̀: bí a ṣe rí físà gbà, bí a ṣe rí owó, bí gbogbo ẹbí ṣe sin ọmọ dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀rọ̀ tí a ń sọ nípa ìparí rẹ̀ kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí ọjà bá ń tú ni a ń mọ ẹni tí ó jèrè àti ẹni tí ó pàdánù. Èrò wa ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó kẹ́yìn ni yóò sọ bóyá ẹ̀kọ́ ni ọmọ náà lọ kọ́ tàbí fàájì ni ó lọ ṣe, àti bóyá owó tí a ná sí i wọlé tàbí ó ṣègbé.

BÍ ÈTÒ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Ètò yìí kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1923, olùkọ́ kan ní Yunifásítì Delaware ní Amẹ́ríkà, Raymond Kirkbride, ẹni tí ó ti jagun ní ilẹ̀ Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ìlú Nancy ni wọ́n kọ́kọ́ dúró sí láti tún èdè Faransé ẹnu wọn ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Sorbonne ní Paris. Ìgbàgbọ́ Kirkbride ni pé bí àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè kan bá gbé láàrin àwọn ọ̀dọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, wọn óò mọ ara wọn, ìkórìíra yóò sì dín kù. Odindi ọdún kan ni àwọn mẹ́jọ wọ̀nyí lò. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù fúnra rẹ̀, ọdún 1987 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Erasmus bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ọ̀mọ̀wé ará Họ́lándì kan ni wọ́n fi sọ ọ́, Erasmus ti ìlú Rotterdam, ẹni tí ó rìn láti Paris dé Cambridge, láti Louvain dé Basel nítorí ìwé, tí ó sì kú sí Basel ní ọdún 1536. Ní ọdún àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 3,244 láti orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ni ó kópa. Lónìí, àwọn tí ó ti gba abẹ́ ètò náà kọjá ti lé ní mílíọ̀nù 15, owó tí wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún un láti ọdún 2021 sí 2027 lé ní bílíọ̀nù 26 owó yúrò. Ilẹ̀ Áfíríkà kò sí lẹ́yìn odi mọ́. Yunifásítì tiwa tí ó bá ní àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì kan ní Yúróòpù lè fi akẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ lábẹ́ ètò yìí fún oṣù méjì títí dé oṣù méjìlá.

OBÌNRIN ARÁ ÍTÁLÌ KAN

Ohun tí ó fa ètò Erasmus yẹ ní sísọ, nítorí pé inú ìtàn náà ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sofia Corradi, tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú Róòmù, gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Fulbright lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York, ó sì gba oyè kejì nínú ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1958, ó kó ìwé rẹ̀ lọ sí yunifásítì tirẹ̀ ní Róòmù, ó ní kí wọ́n ka iṣẹ́ tí òun ti ṣe lókè òkun mọ́ èyí tí ó kù fún òun láti ṣe. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n sì bá a wí ní gbangba, bí ẹni pé ṣe ni ó lọ jayé orí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ìtìjú náà kò pa á lẹ́nu mọ́. Láti ọdún 1969 ni ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá yunifásítì àti àwọn aṣòfin, pé kí ẹ̀kọ́ tí ọmọ bá kọ́ ní orílẹ̀-èdè kan jẹ́ ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè kejì. Ọdún méjìdínlógún ni ó fi gbé e kiri kí Erasmus tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987. Ìyá Erasmus ni wọ́n wá ń pè é, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn ńlá Carlos V ti Yúróòpù ní ọdún 2016.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Obìnrin yìí kàwé, ó sì yege. Síbẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ pé asán ni. Ẹni tí ń padà bọ̀ láti àjò ẹ̀kọ́ ní láti mọ̀ pé àwọn tí ó wà nílé kò rí òun nígbà tí òun ń fi òru ṣe ọ̀sán nídìí ìwé. Ohun tí ó bá gbé lọ́wọ́ wálé ni wọn óò rí. Ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn ni a sì ń di ohun náà.

KÀLẸ́ŃDÀ MÉJÌ

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé kàlẹ́ńdà ilé àti kàlẹ́ńdà àjò kì í sábà bá ara wọn mu. Ní Amẹ́ríkà, sáà ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án a máa parí ní oṣù kejìlá kí Kérésìmesì tó dé, sáà kejì a sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ní Jámánì, oṣù kẹwàá ni ẹ̀kọ́ sáà ìgbà òtútù ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a sinmi díẹ̀ fún Kérésìmesì, wọn a tún máa bá a lọ títí wọ oṣù kejì, ìgbà náà ni ìdánwò a tó dé. Ní Ítálì, oṣù kìíní àti oṣù kejì ni ìdánwò sáà náà. Nítorí èyí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń dúró dè é nílé ní oṣù kìíní wà ní ìkóríta. Bí ó bá dúró ṣe ìdánwò, yóò pẹ́ dé ilé. Bí ó bá sì lọ, kò ní máàkì kankan tí yóò fi han ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́gbọ́n nínú wọn ti lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó dé. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé yóò kọ àròkọ gígùn dípò ìdánwò, tàbí pé a óò dán an wò ṣáájú àwọn tí ó kù. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni à ń rí ní oṣù kejìlá, tí ń sáré láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, tí àwọn akọ̀wé sì ń dá a lóhùn pé ọ̀gá ti lọ fún ìsinmi Kérésìmesì. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i yìí, ọ̀sẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń ṣe é.

MÁÀKÌ TI ÌLÚ ẸLÒMÍRÀN

Ẹ̀yin olùkọ́ ni apá yìí yóò yé jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1999, àwọn mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti orílẹ̀-èdè 29 fọwọ́ sí ìwé ní ìlú Bologna pé àwọn óò mú ètò yunifásítì wọn sún mọ́ ara wọn. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀kọ́ ni kírẹ́díìtì: 60 fún ọdún kan, 30 fún sáà kan. Kírẹ́díìtì kan dúró fún iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, nínú kíláàsì àti nídìí ìwé ní yàrá. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ wákàtí 750 sí 900 ni sáà kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ rìn kiri, tí ó ní òun óò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kẹ́yìn dí i, kí ó jókòó ṣe ìṣirò. Wákàtí 504 péré ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oorun ń bẹ nínú rẹ̀, oúnjẹ ń bẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán ọmọ wò tún yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ní Ítálì, ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdánwò. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó níwájú olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè wà lẹ́yìn tí wọ́n ń gbọ́, olùkọ́ yóò bi í léèrè, yóò sì tún bi í léèrè lórí èsì tí ó fún un. Ọmọ tí ó há ìwé sórí láìyé e kì í pẹ́ tú níbẹ̀. Máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀. 18 ni ìyege ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá tayọ a gba 30 pẹ̀lú ìyìn. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì tí wọ́n fún un kò tẹ́ lọ́rùn lè kọ̀ ọ́, kí ó sì padà wá nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́rin kò ní ìgbà mìíràn láti padà wá.

Ní Faransé, 20 ni wọ́n ń gba máàkì lé lórí, 10 sì ni ìyege. Ní Spéènì, 10 ni, 5 sì ni ìyege. Ní Jámánì, ọ̀rọ̀ náà dorí kodò: 1 ni ó dára jù, 4 ni ìyege tí ó kéré jù, 5 ni ìkùnà. Ẹ wá wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Ọmọ tí ó gba 12 nínú 20 ní Faransé ti gba ohun tí wọ́n ń yìn ènìyàn fún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ nílé bá kàn fi ìṣirò sọ ọ́ di 60 nínú 100, ìyìn náà sọnù sójú ọ̀nà. Ọmọ tí ó mú 2 bọ̀ láti Jámánì ṣe dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó kùnà pátápátá. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí ó gba ìwé tí ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fún ni ní máàkì ní ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ó sì mú un dání pẹ̀lú èsì rẹ̀.

ÌWÉ ÀTI OWÓ

Ìwé mẹ́ta ni ẹni tí ó lọ lábẹ́ Erasmus gbọ́dọ̀ ní. Èkíní ni ìwé àdéhùn ẹ̀kọ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì fọwọ́ sí kí ó tó lọ. Bí ó bá ti pààrọ̀ kọ́ọ̀sì kankan láàrin sáà, àfi kí wọ́n tún un fọwọ́ sí. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí pé ó gbé ibẹ̀ láti ọjọ́ kan pàtó dé ọjọ́ kan pàtó. Ẹ̀kẹta ni ìwé èsì, èyí tí kò yẹ kí ó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ lẹ́yìn tí èsì bá ti jáde. Ìwé tí a kò bèèrè nígbà tí a wà níbẹ̀, lẹ́tà àti tẹlifóònù a máa wá a fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Owó pẹ̀lú ń bẹ. Ní Jámánì, òfin gba onílé láyè láti gba owó ìdúró tí ó tó owó ilé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ ayálégbé. Kí owó yìí tó padà, a óò yẹ yàrá náà wò, ògiri rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sọ fún ìjọba ìlú pé òun kò gbé ibẹ̀ mọ́. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tiwa tí ó fẹ́ lọ sí ibẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni wọ́n ti ń béèrè pé kí ó fi yúrò 11,904 pamọ́ fún ọdún kan, èyí tí í ṣe 992 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, nínú àpò owó tí a tì pa ní báǹkì, tí kò lè mú ju ti oṣù kan lọ níbẹ̀. Ẹ ronú iye àwọn òbí tí ó lè kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ. Ọmọ tí a fi irú owó yìí rán níṣẹ́, tí ó ná ti oṣù tí ó kẹ́yìn tán ní ọjọ́ mẹ́wàá, búrẹ́dì gbígbẹ ni yóò fi ṣe ìdánwò.

Òfin ìwọ̀lú kò sì ṣe é fi ṣeré. Ará Amẹ́ríkà lè wọ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen láìgba físà fún 90 ọjọ́ nínú 180 ọjọ́. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kí ó gba ìwé àṣẹ. Pásípọ́ọ̀tù tiwa kò ní àǹfààní ọjọ́ 90 náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé àṣẹ ni òpin, ẹni tí ó bá sì fi ọjọ́ kan kọjá rẹ̀ lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

ÌRÌN-ÀJÒ TÀBÍ ÌWÉ

Nísinsìnyí a dé ibi tí àríyànjiyàn wà. Ìgbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù yìí náà ni ìlú lẹ́wà jù. Ní oṣù kejìlá, àwọn ará Jámánì a pa àtíbàbà ọjà Kérésìmesì sí gbàgede ìlú. Ti ìlú Dresden ti wà láti ọdún 1434. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ sí Prague, ọkọ̀ òfuurufú tí owó rẹ̀ kò wọ́n ń lọ sí Barcelona. Àwọn ẹgbẹ́ ń sọ pé, a kò ní padà wá síbí mọ́, ẹ jẹ́ kí a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ìgbà òtútù ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ní Berlin, òòrùn a ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ tí ó wà ní yàrá nìkan, tí ó ń ronú ilé, kò nílò ìpè lẹ́ẹ̀mejì.

A kò fẹ́ dà bí àwọn àgbà tí ń bá ọmọdé wí nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. Ojú tí ó rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ẹni tí ó dúró níwájú iṣẹ́ ọnà àtijọ́ ní Florence, tàbí tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibi tí ògiri Berlin wà kí wọ́n tó ṣí i ní ọdún 1989, ti kọ́ ohun tí ìwé kò lè kọ́ ọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun gbogbo ni ó ní ìgbà. Ìrìn-àjò ti oṣù kejì lórí àjò jẹ́ ẹ̀kọ́; ìrìn-àjò ti ọ̀sẹ̀ ìdánwò jẹ́ ìsásápamọ́. Ẹni tí ó rí ìlú mẹ́wàá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ibùdókọ̀ mẹ́wàá ni ó rí. Bí ó bá ṣe pé ìlú kan ṣoṣo tí ó ti ń gbé ni ó fi àkókò náà rìn dáadáa, tí ó lọ dágbére fún ìyá tí ó ń ta búrẹ́dì fún un, tí ó jẹun lálẹ́ kan nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọmọ onílẹ̀, ohun tí yóò rántí ní ogún ọdún sí i ni yóò ti rí yẹn.

ETÍ TÍ Ó ṢẸ̀ṢẸ̀ LÀ

Ohun kan tún wà tí ó ń ba akẹ́kọ̀ọ́ nínú jẹ́ ju ìdánwò lọ ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Nígbà tí ó dé, ọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ ń bú bí omi létí rẹ̀. Ní oṣù kejì, ó ti ń gbọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹrin, ó gbọ́ ẹ̀fẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín kí ó tó mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ. Etí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọjọ́ náà ni ó wo kàlẹ́ńdà, tí ó rí i pé ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fi àwọn mẹ́jọ ti ọdún 1923 sọ́kàn. Odindi ọdún ni wọ́n lò. Lónìí, nínú gbogbo ọmọ Amẹ́ríkà tí ń lọ kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, àwọn tí ń lo odindi ọdún kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ló fà á fún ẹlòmíràn, ìkánjú ló fà á fún òmíràn. Bí ọ̀nà bá wà, ọdún kan sàn ju ìdajì ọdún lọ. Bí kò bá sì sí, a jẹ́ pé kí ọmọ má fi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jókòó ti àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, kí wọ́n máa sọ èdè ilé, kí wọ́n máa se oúnjẹ ilé, kí wọ́n sì máa bú òtútù. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ kò ní là ní oṣù kẹrin pàápàá.

ÀWỌN TÍ Ó TI LỌ ṢÁÁJÚ

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1826, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Òṣogùn kan, tí wọ́n ti gbà kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 1822, tẹ̀lé míṣọ́nárì kan láti Sierra Leone lọ sí London, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Islington fún oṣù díẹ̀. Ní ọdún 1827 ó ti padà sí Sierra Leone, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni Samuel Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde, ní 1864 ni ó di bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹni tí ó ń béèrè iye ìlú Òyìnbó tí ó rí. Iṣẹ́ tí ó fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe nílé ni a ń rántí.

Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London, kí ọmọ dúdú má baà sọnù sínú òtútù. Ní ọdún 1944 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ òfin; ní oṣù kọkànlá ọdún 1946 ni wọ́n di lọ́yà. Láàrin àkókò kúkúrú yìí náà ni àwọn àti àwọn ọmọ Yorùbá mìíràn dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, tí wọ́n sì kọ ìwé lórí ọ̀nà òmìnira Nàìjíríà, èyí tí ó jáde ní 1947. Wọ́n padà wálé. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. A kò sọ pé London ni ó fún wọn ní ọgbọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó mọ ìdí tí òun fi lọ, kì í padà lọ́wọ́ òfo.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀dọ̀ yín ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti dìde sọ ohun tí wọ́n mọ̀ ní ẹnu, láìwo ìwé, nítorí pé ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rí ní kíláàsì nílé yóò gbọ̀n níwájú olùkọ́ ní Ítálì. Ẹ kọ́ wọn láti máa pín àkókò, kí wọ́n má sì ka bíbéèrè sí ìtìjú. Ẹ sọ fún wọn pé ìwé tí a kò gbà kí a tó kúrò jọ owó tí a gbàgbé sórí tábìlì ní ilé oúnjẹ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa nínú òṣèlú, iṣẹ́ tiyín ni láti bi àwọn tí ń bẹ̀ yín fún ìbò ní ìbéèrè. Ǹjẹ́ yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ní àdéhùn pẹ̀lú yunifásítì kankan lókè òkun? Bí ọmọ wa bá mú 12 nínú 20 bọ̀, ǹjẹ́ akọ̀wé tí yóò gbà á mọ ohun tí ó jẹ́? Bí ìjọba bá fi ọmọ ránṣẹ́, ṣé owó rẹ̀ yóò dé kí oṣù tó parí, tàbí a óò fi í sílẹ̀ kí ó máa bẹ onílé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò? Ohun tí ó ṣe Corradi ní ọdún 1958 lè ṣe ọmọ tiwa lọ́la bí àwọn tí ó wà nílé kò bá mọ bí a ṣe ń gba ẹni tí ó padà dé.

Ọ̀rọ̀ wa sí ẹ̀yin òbí kò gùn. Bí ọmọ yín bá pè yín ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bi í ní bàtà àti aṣọ tí ó rà fún yín. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣe ìdánwò tán, bóyá ìwé rẹ̀ pé, bóyá ó ti dágbére fún àwọn tí ó ṣe é lóore. Ọmọ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lọ pàdé rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ayọ̀, kódà bí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́.